Omi Ojú Ara Tó Ń Rùn: Ẹ Jẹ́ Kí Ọkọ Náà Gba Ìtọ́jú

Ní Alápẹ̀rẹ̀ níbí, àwọn arábìnrin wa ń ra oògùn sí omi ojú ara tó ń rùn bí ẹja. Ara á yá, kò ní pẹ́ tí á tún padà. Àwọn kan á ní wọn kì í wẹ̀ dáadáa. Kì í ṣe ọ̀rọ̀ ìdọ̀tí. Kòkòrò rẹ̀ lè wà lára ọkọ láìmọ̀.

Ìwádìí kan ní Ọsirélíà, tó jáde ní 2025, fi hàn pé nígbà tí ìyàwó nìkan gba ìtọ́jú, ó padà sára 63 nínú 100 láàárín ọ̀sẹ̀ 12. Nígbà tí ọkọ náà lo oògùn oníhóró àti ìpara fún ọjọ́ 7, ó dín sí 35.

Abẹ́ dídá ń dín ewu rẹ̀ kù, kò mú un kúrò. Ẹ̀yin ọkọ, ẹ bá ìyàwó yín lọ rí dókítà.