Ìfèsì Láàárín Orogún: Bí AMD àti Nvidia Ṣe Ń Dá Ara Wọn Lóhùn Kí Ọjà Wọn Tó Jáde

1. Ìfáàrà

Àwọn àgbà bọ̀, wọ́n ní ẹyin lohùn. Bí ó bá bọ́ sílẹ̀, fífọ́ ni í fọ́. Nínú òwò ṣíìpù tí ń yàwòrán sójú kọ̀ǹpútà, iye owó kò tẹ̀ lé òwe yìí. AMD àti Nvidia, tí ibùjókòó àwọn méjèèjì wà ní Santa Clara ní ìpínlẹ̀ Kalifóníà, a máa kéde iye kan, wọn a sì tún pa á dà kí ọjọ́ títà tó pé. Ohun tí àpilẹ̀kọ yìí ń fi hàn ni pé ìbéèrè ni iye àkọ́kọ́ jẹ́, ọ̀dọ̀ orogún sì ni ìdáhùn rẹ̀ ti ń wá.

2. Ohun tí ó ṣeé yí padà

Ọ̀pọ̀ ọdún ni ìlànà ṣíìpù tuntun ń gbà. Nígbà tí títà bá ku ọ̀sẹ̀ díẹ̀, kò sí ẹni tí ó tún lè ṣe àtúnṣe sí i. Ohun tí ó kù ni iye owó, ọjọ́ títà, àti ìyára ṣíìpù, èyí tí ètò BIOS inú káàdì ń pàṣẹ fún.

3. Àpẹẹrẹ méjì

3.1 Ní oṣù Kẹfà ọdún 2019, AMD kéde Radeon RX 5700 XT ní dọ́là 449 àti RX 5700 ní dọ́là 379, títà di ọjọ́ 7, oṣù Keje. Nvidia kò dúró dè é. Ní ọjọ́ 2, oṣù Keje, ó kéde RTX 2060 Super ní dọ́là 399 àti RTX 2070 Super ní dọ́là 499. Nígbà tí títà ku ọjọ́ méjì, AMD sọ iye tirẹ̀ di 399 àti 349. Káàdì náà kò yí padà rárá. Ohùn orogún ni ó dín iye rẹ̀ kù.

Scott Herkelman, tí ó jẹ́ ọ̀gá ní ẹ̀ka Radeon nígbà náà, sọ lẹ́yìn náà pé ìdẹ ni iye àkọ́kọ́. Ọ̀rọ̀ tí a sọ lẹ́yìn ìjà kò tó ẹ̀rí ohun tí ó wà lọ́kàn ṣáájú ìjà. Síbẹ̀, ìbáà jẹ́ ìdẹ, ìbáà jẹ́ ìpadàsẹ́yìn, orogún ni wọ́n ń bá sọ̀rọ̀.

3.2 Ní oṣù Kìíní ọdún 2020, AMD kéde RX 5600 XT ní dọ́là 279. Kí ọjọ́ 21 tí títà bẹ̀rẹ̀ tó pé, Nvidia sọ RTX 2060, tí ó jẹ́ dọ́là 349 tẹ́lẹ̀, di 299. Lọ́tẹ̀ yìí AMD kò fọwọ́ kan iye owó. BIOS tuntun ni ó fi ránṣẹ́ sí àwọn tí ń bá a ṣe káàdì, ìyára ṣíìpù sì gòkè. Ṣùgbọ́n àwọn káàdì kan ti wọ páálí, wọ́n ti dé ìsọ̀ pẹ̀lú BIOS àtijọ́. Ẹni tí ó bá ra irú wọn ni yóò fọwọ́ ara rẹ̀ tún un ṣe. Bí kò bá gbọ́, ohun tí ó rà kò ní yára tó èyí tí wọ́n polongo.

4. Ìgúnlẹ̀

Ẹni tí ó ra RX 5700 XT jèrè dọ́là 50 nínú ìfèsì àkọ́kọ́. Nínú èkejì, a di iṣẹ́ tí kò parí lé e lórí. Ṣùgbọ́n ibi tí kò ti sí ìfèsì ni ó yẹ kí a wò dáadáa. Ní oṣù Keje 2019 kan náà, AMD kò ní káàdì tí ó lè kojú RTX 2080 Ti. Nvidia kò ṣe Super fún un, kò sì dín iye rẹ̀ kù. Níbi tí kò bá ti sí orogún, ìkéde kì í ṣe ìbéèrè mọ́, àṣẹ ni.