Amọ̀nà Odò Ọya: Ọdún 1854 ní Ìgbésí Ayé Àjàyí Crowther

Ìlú Ìfọ̀ wà ní ojú ọ̀nà tí ó ti Èkó lọ sí Abẹ́òkúta. Ìbàfò àti Mówè sì wà ní ojú ọ̀nà tí ó ti Èkó lọ sí Ìbàdàn. Láàrin ọ̀nà méjèèjì yìí ni Odò Ògùn gbà ń ṣàn lọ sínú ọ̀sà. Kí ọkọ̀ ojú irin tó dé Ìbàdàn ní ọdún 1901, àti kí a tó la àwọn ọ̀nà ọlọ́dà, odò yìí jẹ́ ọ̀nà pàtàkì tí àwọn oníṣòwò ń gbà láàrin Abẹ́òkúta àti Èkó. Nígbà òjò, omi rẹ̀ a máa kún bo bèbè; nígbà ẹ̀ẹ̀rùn, iyanrìn a máa yọ sókè ní àárín rẹ̀. Atukọ̀ tí kò bá mọ ibi tí omi gbé jìn yóò gun iyanrìn, ẹrù ẹlẹ́rù a sì di àwátì. Nítorí èyí ni àwọn àgbà ṣe ń sọ pé ẹni tí ó bá béèrè ọ̀nà kì í ṣìnà. Ẹni tí ó mọ ọ̀nà, tí ó sì ń ṣáájú àwọn ẹlòmíràn lọ, ni à ń pè ní amọ̀nà.

Ọ̀pọ̀ ènìyàn rò pé kí a mọ ọ̀nà nìkan ni iṣẹ́ amọ̀nà. Kò rí bẹ́ẹ̀. Ohun mẹ́ta ni amọ̀nà rere gbọ́dọ̀ mọ̀. Èkíní, ó gbọ́dọ̀ mọ ilẹ̀ tàbí omi tí ó ń tọ̀, àti àkókò tí ó yẹ láti tọ̀ ọ́. Èkejì, ó gbọ́dọ̀ mọ àwọn ènìyàn tí ó wà ní ojú ọ̀nà: èdè wọn, ọba wọn, àti bí a ti ń kí wọn. Ẹ̀kẹta, ó gbọ́dọ̀ mọ ìgbà tí ó yẹ kí a padà sẹ́yìn. Ẹni tí ó mọ àlọ tí kò mọ àbọ̀, amọ̀nà ikú ni. Bí a bá fẹ́ rí bí ohun mẹ́ta wọ̀nyí ti ń ṣiṣẹ́ pọ̀, ẹ jẹ́ kí a yẹ ọdún kan wò ní ìgbésí ayé ọmọ Yorùbá kan tí òkìkí rẹ̀ kàn káàkiri, èyíinì ni Samuel Àjàyí Crowther.

Ìlú Òṣoògùn ni a gbé bí Àjàyí. Ní ọdún 1821, ogun kó ìlú náà, a sì mú ọmọdékùnrin yìí lẹ́rú pẹ̀lú ìyá rẹ̀ àti àwọn ará ilé rẹ̀. A tà á láti ọwọ́ dé ọwọ́ títí ó fi dé etí òkun, níbi tí àwọn Potogí gbé kó o sínú ọkọ̀. Ṣùgbọ́n ní oṣù Kẹrin ọdún 1822, ọkọ̀ ogun Gẹ̀ẹ́sì gba ọkọ̀ ẹrú náà ní ojú omi, wọ́n sì kó àwọn tí ó wà nínú rẹ̀ lọ sí Sàró. Níbẹ̀ ni Àjàyí ti kọ́ ìwé, tí ó ti ṣe ìrìbọmi ní ọdún 1825, tí ó sì ti fẹ́ Asano, ọmọbìnrin kan tí a gbà kúrò lóko ẹrú gẹ́gẹ́ bí i tirẹ̀, tí a wá ń pè ní Susan.

Ìrìn àjò rẹ̀ àkọ́kọ́ lórí Odò Ọya, tí àwọn òyìnbó ń pè ní Niger, wáyé ní ọdún 1841. Ní ọdún náà, ìjọba Gẹ̀ẹ́sì rán ọkọ̀ mẹ́ta, Albert, Wilberforce àti Soudan, láti bá àwọn ọba etídò ṣe àdéhùn pé kí wọ́n dáwọ́ òwò ẹrú dúró, kí wọ́n sì máa ṣòwò irè oko. Crowther wà lára àwọn tí ó bá wọn lọ láti Sàró. Ète náà dára, ṣùgbọ́n àbọ̀ rẹ̀ korò. Kò pẹ́ tí wọ́n wọ inú odò tí ibà fi bẹ̀rẹ̀ sí í dá àwọn òyìnbó dùbúlẹ̀. Ọkọ̀ méjì ní láti kó àwọn aláìsàn padà láti ibi ìpàdé Odò Ọya àti Odò Benue. Ọkọ̀ kan tí ó kù dé Egga, òun náà sì ṣẹ́rí padà. Nínú àwọn òyìnbó bí 150 tí ó lọ, ó lé ní 40 tí ó kú.

Ní àkókò náà, kò sí ẹni tí ó mọ ohun tí ń fa ibà náà. Àwọn oníṣègùn rò pé afẹ́fẹ́ búburú tí ń jáde láti inú irà ni. Ọdún 1897 ni Ronald Ross tó fi hàn pé ẹ̀fọn ni ó ń gbé kòkòrò ibà kiri. Síbẹ̀, a ti mọ oògùn kan ṣáájú ìgbà náà, èyíinì ni kuníìnì, tí a ń rí láti ara èèpo igi kan tí ó ti Amẹ́ríkà ti Gúúsù wá. Ohun tí a kò tíì mọ̀ ni pé kí a máa lò ó kí àìsàn tó dé, kì í ṣe lẹ́yìn tí ó bá ti dé tán.

Ọdún 13 kọjá. Ní àkókò yìí, Crowther ti di àlùfáà ní ọdún 1843, ó sì ti padà sí ilẹ̀ Yorùbá. Nígbà tí ìjọba Gẹ̀ẹ́sì tún pinnu láti rán ọkọ̀ kan sí odò náà ní ọdún 1854, wọ́n ní kí Crowther bá wọn lọ. A kò pè é ní ọ̀gá ọkọ̀, a kò sì fi oyè amọ̀nà jẹ ẹ́. Ṣùgbọ́n ọkùnrin tí ó ti rí odò náà rí, tí ó sì ti bá àwọn ará ibẹ̀ pàdé, kí ni a bá tún pè é bí kò ṣe amọ̀nà?

Pleiad ni orúkọ ọkọ̀ náà. Macgregor Laird ni ó pèsè rẹ̀. John Beecroft, aṣojú ọba Gẹ̀ẹ́sì tí ó ń gbé ní Fernando Po, ni ó yẹ kí ó ṣe olórí, ṣùgbọ́n ó kú ní oṣù Kẹfà kí wọ́n tó gbéra. William Balfour Baikie, dókítà nínú ọkọ̀ ogun ojú omi, tí kò tíì pé ọmọ ọgbọ̀n ọdún, ni ó bọ́ sí ipò rẹ̀. Òyìnbó 12 àti ènìyàn dúdú 54 ni ó wà nínú ọkọ̀. Baikie pàṣẹ pé kí àwọn òyìnbó máa lo kuníìnì lójoojúmọ́, ìbáà ṣe pé ara wọn le.

Wọ́n yan àkókò pẹ̀lú ọgbọ́n. Oṣù Keje ni wọ́n wọ inú odò, nígbà tí omi òjò ń kún bọ̀. Bí ọkọ̀ bá bá omi tí ń pọ̀ sí i rìn lọ, bí ó tilẹ̀ gun iyanrìn lónìí, omi ọ̀la lè gbé e kúrò. Ṣùgbọ́n bí ó bá gun iyanrìn nígbà tí omi ń fà, ó lè wà níbẹ̀ títí di òjò ọdún tí ń bọ̀. Ohun tí apẹja Odò Ògùn mọ̀ nípa odò kékeré tirẹ̀ náà ni ó ṣe pàtàkì jù lọ lórí Odò Ọya pẹ̀lú.

Nígbà tí wọ́n dé Aboh, ìmọ̀ kejì bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́. Ní ọdún 1841, Obi Ossai, ọba ìlú náà, ti bá àwọn àlejò rẹ̀ ṣe àdéhùn. Nísinsìnyí ọba náà ti wàjà, Chukwuma ọmọ rẹ̀ ni ó sì gbà wọ́n ní àlejò. Ojú tuntun ni Baikie jẹ́ ní Aboh, ṣùgbọ́n Crowther àti Simon Jonas, ògbufọ̀ tí ó jẹ́ ọmọ Igbo láti Sàró, ti mọ ibẹ̀ rí. Ẹni tí ó mọ baba lè bá ọmọ sọ̀rọ̀. Nígbà tí ọkọ̀ ń lọ sókè odò, a fi Jonas sílẹ̀ ní Aboh láti máa bá àwọn ará ìlú gbé. Kò sí ohun tí ó fi ìgbẹ́kẹ̀lé hàn ju èyí lọ, nítorí a kì í fi ọmọ ẹni sílẹ̀ ní ilé ẹni tí a kò gbẹ́kẹ̀lé.

Láti ibi ìpàdé odò méjèèjì, wọ́n yà sí Odò Benue. Wọ́n fi bí máìlì 250 kọjá ibi tí àwọn òyìnbó tí ó gba ẹnu odò wọlé dé ṣáájú wọn. Ọ̀kan nínú ohun tí a rán wọn ni pé kí wọ́n wá Heinrich Barth, ọmọ ilẹ̀ Jámánì tí ó ti la aṣálẹ̀ kọjá láti àríwá, tí ó sì ti rékọjá Odò Benue ní ọdún 1851. Wọn kò rí i. Nígbà tí ọkọ̀ kò lè lọ síwájú mọ́, Baikie wọ ọkọ̀ kékeré dé abúlé tí ń jẹ́ Dulti. Yola kò jìnnà mọ́, ọkàn wọn sì fẹ́ débẹ̀ gidigidi. Ṣùgbọ́n omi fẹ́ bẹ̀rẹ̀ sí í fà, oúnjẹ sì ń tán lọ. Wọ́n yí padà. Ìmọ̀ kẹta nìyí, òun ni ó sì nira jù, nítorí ojú a máa ti ènìyàn láti padà nígbà tí ó kù díẹ̀ kí ó débi tí ó ń lọ. Ní oṣù Kọkànlá, ọkọ̀ Pleiad padà dé Fernando Po. Kò sí ẹnì kan ṣoṣo tí àìsàn pa nínú wọn. Ìròyìn yìí ya gbogbo ayé lẹ́nu.

Nígbà tí iṣẹ́ yìí ń lọ, ilé Crowther kò dúró dè é. Ọdún 1854 yìí kan náà ni Abigail ọmọbìnrin rẹ̀ ṣe ìgbéyàwó pẹ̀lú Thomas Babington Macaulay. Ọdún yìí kan náà ni Dandeson, ọmọkùnrin rẹ̀ tí ó kéré jù, pé ọmọ ọdún mẹ́wàá. Ìyá rẹ̀ Afala sì ń bẹ láàyè. Ó yẹ kí a rántí ohun tí ilé túmọ̀ sí fún ọkùnrin yìí. Ọdún márùndínlọ́gbọ̀n ni òun àti ìyá rẹ̀ fi yàgò fún ara wọn, tí ìyá kò mọ̀ bóyá ọmọ wà láàyè, tí ọmọ kò mọ ibi tí ìyá wà. Ní oṣù Kẹjọ ọdún 1846 ni wọ́n tó tún fojú kan ara wọn ní Abẹ́òkúta. Nítorí náà, bí irú ẹni bẹ́ẹ̀ bá tún di ẹrù rẹ̀ láti lọ sí odò tí ó ti pa ogójì ènìyàn lójú rẹ̀, kì í ṣe ohun kékeré ni ó fi lélẹ̀. Aya, ọmọ àti ìyá ni ó ń wo ojú ọ̀nà. Wọ́n sì mọ̀, ju ọ̀pọ̀ ènìyàn lọ, pé ẹni tí ó jáde lè má wọlé mọ́.

Ìgbéyàwó ọdún náà so èso ńlá. Ọkọ Abigail ni ó dá Ilé-ẹ̀kọ́ CMS Grammar School sílẹ̀ ní Èkó ní ọdún 1859, ọmọ wọn sì ni Herbert Macaulay, tí a bí ní ọdún 1864, tí ó wá di aṣáájú nínú ìjà fún òmìnira ilẹ̀ Nàìjíríà. Ìrìn àjò ọdún náà pẹ̀lú so èso tirẹ̀. A tẹ ìwé tí Crowther kọ nípa rẹ̀ jáde ní ọdún 1855. Ọ̀nà tí a là ní ọdún náà ni ó tún gbà ní ọdún 1857, nígbà tí a dá ibùdó sílẹ̀ ní Onitsha. Ní ọdún 1864 ó di bíṣọ́ọ̀bù. Afala ìyá rẹ̀ sì wà láàyè títí di ọdún 1883.

Àwọn àgbà ní àjò kì í dùn kí onílé má relé. Àwọn kan rò pé ọ̀rọ̀ yìí wà fún aláìgbọ́n tí ó gbàgbé ilé. Ṣùgbọ́n amọ̀nà ni ó tọ́ sí jù lọ, nítorí kì í ṣe ilé tirẹ̀ nìkan ni ó wà ní ọwọ́ rẹ̀. Ẹni mẹ́rìndínláàádọ́rin ni ó wà nínú ọkọ̀ Pleiad, olúkúlùkù ni ó sì ní ẹni tí ń retí rẹ̀. Ẹni tí ó bá wọ Odò Ògùn láàrin Ìfọ̀ àti Ìbàfò lónìí, ìbáà ṣe láti pẹja tàbí láti wa iyanrìn, abẹ́ òfin kan náà ni ó wà: kí ó mọ omi, kí ó mọ ènìyàn, kí ó sì mọ ìgbà tí ó yẹ kí ó kọjú ọkọ̀ sí ilé.