Bí Ọmọ Bá Ṣàìsàn ní Kumasi, Èdè Wo Lẹ Ó Fi Sọ Ọ́?

Bí ìsinmi gígùn bá ti ń sún mọ́lé, ìbéèrè kan náà làwọn òbí tó ń lọ sí Kumasi máa ń bi wá: oògùn wo ni ká gbé, ṣé ibẹ̀ ò léwu? A kì í gba físà lọ sí Gánà. Ọjọ́ 90 ni òfin ECOWAS fún wa. Àmọ́ ẹ má gbàgbé káàdì àjẹsára ibà pọ́njú, èyí tí gbogbo wa ń pè ní yellow card. Ọmọ tó bá ti pé oṣù mẹ́sàn-án gbọ́dọ̀ ní tiẹ̀, ó sì yẹ kó gba abẹ́rẹ́ náà ó kéré tán ọjọ́ 10 kẹ́ ẹ tó gbéra. Ẹ gbé àwọ̀n ẹ̀fọn dání. Ojú mọmọ ni kẹ́ ẹ rin ọ̀nà Accra sí Kumasi, torí ọ̀nà yẹn kò dára lóru.

Ohun tí kì í sí nínú ẹrù ọ̀pọ̀ wa ni ọ̀rọ̀ ẹnu. Lóòótọ́, dókítà gbọ́ Gẹ̀ẹ́sì, ọlọ́pàá náà gbọ́ ọ. Ṣùgbọ́n dókítà kọ́ ló máa kọ́kọ́ dé ọ̀dọ̀ yín nígbà ìṣòro. Ìyá tó ń ta ata ni, tàbí kọ̀ǹdọ́ inú trotro, ìyẹn danfo tiwọn. Twi lèdè wọn.

Ẹ wo ọjà Kejetia, ọ̀kan lára àwọn ọjà tó tóbi jù lọ ní Ìwọ̀-oòrùn Áfíríkà. Kí ìyá tó ná kente tán, ọmọ ọdún mẹ́rin lè ti wọ àárín èrò lọ. Bí ìyá bá ń ké “Ọmọ mi o!”, wọ́n á mọ̀ pé nǹkan ṣe é, wọn ò ní mọ ohun tí wọn yóò bá a wá. Kó sọ pé “Me ba ayera”, ọmọ mi ti sọnù, ọ̀rọ̀ ti yé wọn nìyẹn. Kẹ́ ẹ tó wọ ọjà, ẹ kọ nọ́ńbà fóònù yín tó ń ṣiṣẹ́ ní Gánà sínú ìwé, kẹ́ ẹ fi sápò ọmọ.

“Me ba yare” ni ọmọ mi ń ṣàìsàn. “Me ti yɛ me ya”, orí ń fọ́ mi. “Me yafunu yɛ me ya”, inú ń run mí. Atiridii ni ibà, ayaresabea ni ilé ìwòsàn. “Boa me” ni ràn mí lọ́wọ́, ṣùgbọ́n ẹ fi “me pa wo kyɛw” ṣáájú, ìyẹn ẹ jọ̀ọ́. Ɛ wọn ni ẹ wa, ɔ wọn ni ọ wa. Ky yìí dà bí ìgbà téèyàn pe t àti ṣ pọ̀.

Twi ní ohùn òkè àti ìsàlẹ̀ bíi tiwa, àmọ́ wọn kì í fàmì sí i nínú ìwé. (Àwa tá à ń bá òǹkọ̀wé jà lójoojúmọ́ lórí àmì ohùn kò lè ṣàì rí ìyẹn.) Nítorí náà, ẹ gbọ́ ọ lẹ́nu èèyàn. Ọ̀pọ̀ àgbà ní Ògbómọ̀ṣọ́, Ọ̀fà àti Ìlọrin ló gbé Gánà kí ìjọba Busia tó pàṣẹ ní oṣù kọkànlá ọdún 1969 pé kí àjèjì tí kò ní ìwé ìgbélùú kúrò láàárín ọ̀sẹ̀ méjì. Bí irú ìyá àgbà bẹ́ẹ̀ bá wà nílé yín, ẹ jẹ́ kí àwọn ọmọ jókòó tì í nírọ̀lẹ́.

Ọ̀rọ̀ tún ń ṣọ́ni nídìí oúnjẹ. Nkateɛ ni ẹ̀pà, nkwan sì ni ọbẹ̀. Ẹni tí ara rẹ̀ kọ ẹ̀pà, kó sá fún nkatenkwan. Ata dúdú tí wọ́n ń pè ní shito sábà máa ń ní edé nínú. Omi inú ọ̀rá tẹ́ ẹ bá rà, ẹ wo àmì FDA lára rẹ̀, NAFDAC tiwọn nìyẹn.

Bí ọ̀rọ̀ bá le, 112 ni nọ́ńbà pàjáwìrì. Komfo Anokye ni ilé ìwòsàn ńlá ìlú náà. Bẹ́ ẹ bá sọ “Gee” fún onítakisí, ibẹ̀ ló máa gbé yín lọ. Kẹ́ ẹ sì rántí pé aago wọn fi wákàtí kan wà lẹ́yìn tiwa: oògùn tí ọmọ ń lò ní aago mẹ́jọ nílé, aago méje ni yóò lò ó ní Kumasi.