Àfòmọ́ Orí Igi Àdúgbò: Ká Já Ewé Rẹ̀ Nìkan Kò Tó

Bí ọyẹ́ bá ti mú, tí igi púpọ̀ sì ti wọ́wé, ẹ gbójú sókè wo igi tí ẹ máa ń jókòó sí abẹ́ rẹ̀ níwájú ilé tàbí nínú ọgbà mọ́sáláṣí. Bí ẹ bá rí ìdì ewé tútù kan lórí ẹ̀ka tó ti ń gbẹ, tí ewé náà kò sì jọ ewé igi ọ̀hún, àfòmọ́ nìyẹn.

Inú oko kòkó, oko obì àti oko ọsàn ni ọ̀pọ̀ wa ti mọ̀ ọ́n. Ohun tí a kì í fi bẹ́ẹ̀ kíyè sí ni pé ó ti wọ ìgboro. Igi fúrúùtù, dongoyaro, ọsàn àti gúrọ́fà tí a gbìn sí àyíká ilé lè gbé e. Àwọn àgbà máa ń sọ pé àfòmọ́ kò ní gbòǹgbò, igi gbogbo ló ń bá tan. Òótọ́ ni pé kò ní gbòǹgbò nínú ilẹ̀, ṣùgbọ́n ó ní ohun tó fi rọ́pò rẹ̀, inú ara igi ló sì rì í sí. Ẹni tí kò bá mọ èyí yóò kàn máa ṣe làálàá lásán ni.

Ẹyẹ ló ń gbìn ín. Oje inú èso rẹ̀ máa ń fà bí àtè. Bí ẹyẹ bá jẹ ẹ́ tán, yóò tu kóró rẹ̀ tàbí kí ó yàgbẹ́ rẹ̀ sórí ẹ̀ka mìíràn, kóró náà yóò sì lẹ̀ mọ́ èèpo igi. Ibẹ̀ ni yóò ti hù, tí yóò gún èèpo wọlé títí yóò fi kan ibi tí omi ń gbà láti gbòǹgbò lọ sí ewé. Láti ìgbà náà, gbogbo omi àti èròjà ilẹ̀ tí igi bá ń fà sókè, àfòmọ́ ti ní ìpín níbẹ̀. Nítorí pé ewé tirẹ̀ náà tutù, ó ń fi oòrùn pèsè oúnjẹ. Omi ni olórí ohun tó ń jí. Ìdí nìyí tí ìpalára rẹ̀ fi máa ń hàn jù nígbà ẹ̀ẹ̀rùn. Igi á máa ṣọ́ omi lò, àfòmọ́ kò ní dáwọ́ dúró. Apá ẹ̀ka tó wà níwájú ibi tó lẹ̀ mọ́ yóò máa rù, èso yóò dínkù, ẹ̀ka yóò gbẹ. Lọ́jọ́ tí ìjì bá jà, ẹ̀ka gbígbẹ yẹn lè já lu òrùlé, tàbí lu àwọn ọmọ ilé kéwú tó jókòó sábẹ́ igi.

Bí a bá rí i, ohun tí a sábà ń ṣe ni ká mú àdá, ká já ewé rẹ̀ sílẹ̀, ká sì máa lọ. Láàárín oṣù mélòó kan, ó ti tún rú jáde, nítorí pé ohun tó wà nínú igi kò kúrò. Àwọn tó ń wá a fún àgbo náà ń já a, wọn a tilẹ̀ máa béèrè igi tó ti hù, torí pé ti orí obì àti ti orí ọsàn kì í ṣe ọ̀kan náà lójú wọn. Ṣùgbọ́n ẹni tó bá já ewé lọ kò tí ì gba igi sílẹ̀.

Ẹ̀ka gan-an ni kí ẹ gé. Ẹ wọn ó kéré tán ẹsẹ̀ bàtà kan, ìyẹn nǹkan bíi sẹ̀ǹtímítà 30, láti ibi tí àfòmọ́ ti lẹ̀ mọ́ sí ọ̀nà ìdí ẹ̀ka, kí ẹ sì fi ayùn gé e níbẹ̀. Bí ẹ̀ka bá tóbi, ẹ kọ́kọ́ fi ayùn là á díẹ̀ láti abẹ́ kí ẹ tó gé e láti òkè, kó má bàa bó èèpo igi lọ bó ṣe ń wó. Bó bá jẹ́ pé ìdí ẹ̀ka lẹ máa gé dé, ẹ má gé e wọnú ìtì igi. Ẹ fi ibi tó wú díẹ̀ níbẹ̀ sílẹ̀, torí ibẹ̀ ni ojú ọgbẹ́ ti ń pa. Kí ó dára jù, ẹ ṣe é kí èso àfòmọ́ tó pọ́n. Èyí tó bá ti léso, ẹ kó o kúrò nílẹ̀ kí ẹyẹ má bàa tún gbé e. Ẹ má sì gé ju ìdá kan nínú mẹ́rin orí igi lọ lọ́dún kan.

Èyí tó bá lẹ̀ mọ́ ìtì igi ló le. Ẹ gé e kó bá èèpo dọ́gba, kí ẹ fi ọ̀rá dúdú tó nípọn wé ojú ibẹ̀ kí oòrùn má bàa rí i, kí ẹ sì so ó dáadáa, láìfún igi lọ́rùn. Ó lè gba ọdún kan tàbí méjì kí ó tó kú, ẹ sì ní láti máa yẹ̀ ẹ́ wò. Oògùn tí wọ́n fi ń pa koríko kọ́ ni ojútùú, kẹrosíìnì àti ọ́ìlì ọkọ̀ náà kọ́. Ohun tó bá wọnú àfòmọ́ lè gba ibẹ̀ wọnú igi. Ní Amẹ́ríkà, wọ́n ní oògùn tó ń jẹ́ ethephon, tí wọ́n ń fọ́n sí i lára. Ewé rẹ̀ á já, ṣùgbọ́n ó ṣì ń padà hù.

Bí ẹ̀ka bá súnmọ́ wáyà iná, kí ẹnikẹ́ni má gun igi náà títí àwọn òṣìṣẹ́ iná yóò fi wá pa á.

Iṣẹ́ yìí kì í ṣe ti ilé kan ṣoṣo. Ẹyẹ kò mọ fẹ́ǹsì. Bí ẹ bá tọ́jú igi tiyín, tí ti ẹ̀gbẹ́ yín kún fún àfòmọ́, kò ní pẹ́ tí yóò tún dé. Ìgbìmọ̀ mọ́sáláṣí àti ẹgbẹ́ onílé lè fi í kún iṣẹ́ ìmọ́tótó àdúgbò. A kò ní kí ẹ lọ ba èyí tó wà nínú igbó jẹ́ o, oúnjẹ ẹyẹ ni. Igi tó lágbára pàápàá lè ru ìdì kan tàbí méjì láìkú, bó bá rí omi mu. Ṣùgbọ́n àwa kan náà la ń da kọnkéré yí ìdí igi ká títí tí òjò kò fi rí ibi wọlé, tí a óò wá máa sọ pé àfòmọ́ ló pa á.

Igi tí àfòmọ́ bá ti gba ju ìdajì orí rẹ̀ lọ, tí ìtì rẹ̀ náà sì ti ń gbẹ, ẹ jẹ́ kí ẹni tó mọṣẹ́ wó o, kí ẹ sì gbin òmíràn nígbà tí òjò bá bẹ̀rẹ̀, kí gbòǹgbò rẹ̀ lè múlẹ̀ kí ẹ̀ẹ̀rùn tó dé.