Mímú Akitiyan Ìfúnpọ̀ Fídíò Bá Agbára Kọ̀ǹpútà Mu

Ọ̀pọ̀lọpọ̀ àwòrán tí ń tẹ̀ lé ara wọn kíákíá ni ó para pọ̀ di fídíò. Bí àwòrán kọ̀ọ̀kan bá ní píksẹ́lì 1280 ní ìbú àti 720 ní òró, tí àwòrán 25 sì ń kọjá ní ìṣẹ́jú àáyá kan, fídíò tí wọn kò tíì fún pọ̀ lè gbà tó mẹ́gábáìtì 34 ní ìṣẹ́jú àáyá kan péré. Ìdí nìyí tí ìfúnpọ̀ fi pọn dandan.

Ètò ìfúnpọ̀ máa ń fi àwòrán tuntun wé èyí tó ti kọjá, kí ó lè mọ ohun tí kò yí padà àti ibi tí ohun tó rìn ṣí lọ. Ìyàtọ̀ tó bá ṣẹ́ kù ni yóò kọ sílẹ̀. Wíwá kiri yìí ń gba agbára púpọ̀ lọ́wọ́ kọ̀ǹpútà. Bí ó bá wá a fínnífínní, fídíò yóò kéré. Bí ó bá wá a pẹ̀lú ìwàǹwára, yóò tóbi, tàbí kí àwòrán rẹ̀ ṣe bàìbàì.

Fún fídíò tí wọ́n ti ká sílẹ̀, ìṣòro kò pọ̀. Ètò x264, tí ń tẹ̀ lé ìlànà H.264 ti ọdún 2003, pín akitiyan sí ìpele 10, láti ultrafast dé placebo. Olùkọ́ tó ká ẹ̀kọ́ sílẹ̀ lè yan ìpele tó falẹ̀, kí kọ̀ǹpútà ṣiṣẹ́ mọ́jú. Ẹ̀ẹ̀kan ni làálàá náà, gbogbo akẹ́kọ̀ọ́ ni yóò sì jàǹfààní rẹ̀.

Ọ̀rọ̀ ìfọ̀rọ̀wérọ̀ ojúkojú yàtọ̀. Ìdá kan nínú 25 ìṣẹ́jú àáyá ni àwòrán kọ̀ọ̀kan ní. Bí iṣẹ́ bá kọjá bẹ́ẹ̀, àwọn àwòrán yóò tò sẹ́yìn, tàbí kí àwọn kan sọnù. Ètò ìfúnpọ̀ VP8, tí Google gbé jáde fún gbogbo ènìyàn ní ọdún 2010, máa ń wọn àkókò tó lò lórí àwọn àwòrán tó ti kọjá. Bí ó bá rí i pé àkókò kò tó, yóò dín wíwá kiri kù. Bí àyè bá gbà, yóò fi kún un.

Ṣùgbọ́n akitiyan tí kọ̀ǹpútà kò ṣe kì í lọ lásán: dátà akẹ́kọ̀ọ́ tàbí ojú rẹ̀ ni yóò san án. Nítorí náà, ó sàn kí ẹni tí ẹ̀rọ rẹ̀ kò lágbára fi píksẹ́lì 640 sí 360 ránṣẹ́, èyí tó jẹ́ ìdá mẹ́rin ti ìṣáájú, kí agbára tó wà lè kájú iṣẹ́ náà. Ìwọ̀n eku nìwọ̀n ìtẹ́.