Kí ọmọ tó kọ orúkọ sí JAMB: ọ̀nà tó lọ sídìí iṣẹ́ ìtúpalẹ̀ okòwò

Ìbéèrè tó ń wọlé sí mi lẹ́nu ọjọ́ mẹ́ta yìí láti Ìjerò, Arámọkọ àti Ẹ̀fọ̀n jọra wọn: "Prof, ẹ jọ̀ọ́ sà, ọmọ mi ní òun fẹ́ di business analyst. A wá a nínú ìwé JAMB, a ò rí i. Ṣé iṣẹ́ gidi ni, àbí àwọn oní-Yahoo ló tún gbé e dé?" Iṣẹ́ gidi ni o. Ṣùgbọ́n ẹni tí kò bá mọ ojúlé rẹ̀ lè ná owó kòkó ọdún méjì kó má sì débẹ̀.

Ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ yanjú orúkọ. "Ìtúpalẹ̀" jẹ́ ọ̀rọ̀ tí àwa onímọ̀ ẹ̀dá-èdè ń lò lójoojúmọ́: a ó mú gbólóhùn kan, a ó tú u sí wẹ́wẹ́, a ó wo iṣẹ́ tí ẹyọ kọ̀ọ̀kan ń ṣe àti bí wọ́n ṣe so mọ́ra. Bẹ́ẹ̀ náà ni atúpalẹ̀ okòwò ń ṣe fún ilé iṣẹ́. Ó ń wádìí ohun tó ń dùn wọ́n, ó ń ya ohun tí wọ́n ní àwọn fẹ́ sọ́tọ̀ kúrò lára ohun tí wọ́n nílò, ó sì ń kọ ọ́ sílẹ̀ kí ọ̀gá, akọ̀wé àti ẹni tó ń ṣe kọ̀ǹpútà lè gbọ́ra yé. Kì í ṣe ohun kan náà pẹ̀lú data analyst. Ìyẹn ń wá ohun tí nọ́ńbà ń sọ. Atúpalẹ̀ okòwò ń wá ohun tó yẹ kí á yí padà, àti ìdí tó fi yẹ.

Ẹ jẹ́ ká fi kòkó ṣe àpẹẹrẹ. Lọ́dún 2023, Àjọ Ìṣọ̀kan Yúróòpù gbé òfin kan jáde: kòkó tó bá máa wọ ọjà wọn kò gbọdọ̀ wá láti ilẹ̀ tí wọ́n pa igbó rẹ̀ run lẹ́yìn 31 December 2020, a sì gbọ́dọ̀ lè tọ́ka sí oko tó ti wá lórí máàpù. Oko tó ju hẹ́kítà 4 lọ, ààlà rẹ̀ yípo ni a ó fi hàn; èyí tí kò jù bẹ́ẹ̀, ojú àmì kan ṣoṣo tó. Wọ́n ti sún ọjọ́ tí òfin náà yóò bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ síwájú ju ẹ̀ẹ̀kan lọ, ṣùgbọ́n òfin náà ò kú.

Ká ní oníṣòwò kòkó kan ní Arámọkọ wá sọ pé, "Ẹ bá mi ra kọ̀ǹpútà, kí ẹ ṣe app kan sí i." Ẹni tí kò kọ́ṣẹ́ á bẹ̀rẹ̀ sí í ṣe app. Atúpalẹ̀ á fara balẹ̀ bi í pé: ta ló ń gbé kòkó wá bá yín? Ìwé wo lẹ ń kọ ọ́ sí? Á bá akọ̀wé dé ìdí òṣùwọ̀n. Níbẹ̀ ló ti máa rí i pé àgbẹ̀ kan ṣoṣo wà nínú ìwé lẹ́ẹ̀mẹta: orúkọ ìsàmì lójú ewé kan, "Bàbá Ṣadé" lójú ewé kejì, ìnagijẹ lójú ewé kẹta. "Oko mi" lẹ́nu àgbẹ̀ yẹn ńkọ́? Ó lè jẹ́ ilẹ̀ ẹbí, ó lè jẹ́ ilẹ̀ tó ń san ìṣákọ́lẹ̀ lé lórí, ó sì lè jẹ́ oko mẹ́ta tí odò pín níyà. Bí ìwé bá ṣì dàrú báyìí, app á kàn mú kí ìdàrúdàpọ̀ náà yára sí i ni. Nọ́ńbà kan fún àgbẹ̀ kan, nọ́ńbà kan fún oko kan: ohun tí oníṣòwò yìí kọ́kọ́ nílò nìyẹn. Lẹ́yìn rẹ̀ ni kọ̀ǹpútà kàn.

Ẹ kíyè sí i pé iṣẹ́ èdè ló pọ̀ jù nínú gbogbo èyí. Ọmọ tó gbọ́ "ulẹ̀" àti "uṣẹ́" lẹ́nu bàbá àgbà ní Ẹ̀fọ̀n, tó lè sọ ọ́ ní Yorùbá àjùmọ̀lò fún akọ̀wé, tó sì lè kọ ọ́ ní Gẹ̀ẹ́sì fún ilé iṣẹ́ ní Èkó, ìdajì irinṣẹ́ ti wà lọ́wọ́ rẹ̀. Ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni ní kó máa tijú èdè Èkìtì.

Ìdajì kejì ni ìṣirò, ibẹ̀ sì ni ọ̀pọ̀ ọmọ ti ń ti ilẹ̀kùn mọ́ ara wọn láti SS1. Ọ̀pọ̀ yunifásítì wa kì í fúnni ní díńgírì tó ń jẹ́ Business Analysis. Ẹnu ọ̀nà mìíràn la ń gbà wọlé: Business Administration, Economics, Statistics, Computer Science. Nínú UTME, Gẹ̀ẹ́sì ni dandan, iṣẹ́ mẹ́ta mìíràn á kún un. Ẹni tó ń lọ fún Business Administration á mú Mathematics, Economics àti ẹyọ kan sí i. Ti Computer Science á mú Mathematics, Physics àti ẹyọ kan sí i. Nínú WAEC tàbí NECO, credit márùn-ún ló nílò, kí Gẹ̀ẹ́sì àti Mathematics sì wà nínú rẹ̀. Láti 2015, orí kọ̀ǹpútà ni gbogbo UTME wà. Kò dára kó jẹ́ ọjọ́ ìdánwò gan-an lọmọ á kọ́kọ́ fọwọ́ kan mouse. Ilé ẹ̀kọ́ kò sì jìnnà: EKSU wà ní Adó, FUOYE wà ní Ọyẹ́.

Tó bá ti wọlé, kó kọ́ Excel àti SQL, kó máa kọ Gẹ̀ẹ́sì tó ṣe tààrà, kó sì mọ bí a ṣe ń ya àwòrán ìgbésẹ̀ iṣẹ́ láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin. Nígbà ìsinmi, kó lọ bá ẹgbẹ́ aláfọwọ́sowọ́pọ̀ tàbí ilé ẹ̀rọ gàrí kan ládùúgbò, kó béèrè bí wọ́n ṣe ń ṣe é, kó kọ ọ́ sílẹ̀, kó sì kà á padà fún wọn títí wọ́n á fi sọ pé bẹ́ẹ̀ ló rí.

Ọ̀rọ̀ ìwé ẹ̀rí ló kù, òun ló sì ń kó àwọn òbí sí gbèsè. IIBA, ẹgbẹ́ tí wọ́n dá sílẹ̀ ní Toronto, ní Kánádà, lọ́dún 2003, ni ó ń fúnni ní àwọn ìwé ẹ̀rí tí ayé mọ̀ jù. ECBA ni ti ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń bẹ̀rẹ̀. Kò béèrè ìrírí iṣẹ́. CBAP ni ti àgbà, ó sì ń béèrè wákàtí iṣẹ́ 7,500 láàárín ọdún mẹ́wàá. Nítorí náà, ẹni tó bá ní òun á sọ ọmọ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ jáde ilé ìwé di CBAP láàárín ọ̀sẹ̀ mẹ́fà, tó tún ṣèlérí iṣẹ́ ní Kánádà mọ́ ọn, ẹ di àpò yín mú.

Iṣẹ́ yìí kì í sábà bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú orúkọ ńlá. Ọ̀pọ̀ ti ìdí káńtà báǹkì, ti ìdí ìwé owó tàbí ti ìdí customer care débẹ̀, nítorí pé wọ́n mọ bí iṣẹ́ ṣe ń lọ, wọ́n sì ń béèrè. Abèèrè kì í ṣìnà. Ẹ̀yin òbí náà, ẹ bẹ̀rẹ̀ lálẹ́ òní: ẹ ní kí ọmọ mú ìwé Mathematics rẹ̀ wá, kí ẹ jọ wò ó.