Bí Ẹsẹ̀ Ọkọ̀ Tòkunbọ̀ Bá Ń Dún: Àlàyé fún Àwọn Awakọ̀ Ìwọ̀-Oòrùn Èkìtì

Láàrin àwọn ọ̀dọ́ wa ní Ìjerò, Àrámọ̀kọ àti Ẹ̀fọ̀n-Aláayè, ọkọ̀ tòkunbọ̀ pẹlẹbẹ tó mọ eré sá kò ṣàjèjì mọ́. Honda Accord ọdún 2003 onílẹ̀kùn méjì, irú èyí tí àwọn ará ìlú ń pè ní "End of Discussion", wà nínú wọn; bẹ́ẹ̀ náà ni Honda Civic onílẹ̀kùn méjì àti BMW tó ti pẹ́ lọ́jọ́ orí. Iye tí wọ́n ń tà wọ́n a máa dùn mọ́ olùrà nínú, nítorí pé agbára ẹ̀ńjìnnì wọn ju owó náà lọ. Ṣùgbọ́n ọ̀nà tó tẹ́jú ni àwọn tó ṣe irú ọkọ̀ bẹ́ẹ̀ ní lọ́kàn. Abẹ́ rẹ̀ súnmọ́ ilẹ̀, sípíríǹgì rẹ̀ le, rọ́bà táyà rẹ̀ sì fẹ́lẹ́. Bí ó bá já sí kòtò, táyà náà kò lè gba púpọ̀ nínú agbára ìjálulẹ̀ náà mọ́ra. Ẹsẹ̀ ọkọ̀ ni yóò ru ìyókù. Nínú àlàyé yìí, a óò sọ bí ẹ ṣe lè mọ̀ pé ẹsẹ̀ ọkọ̀ yín ti ń bàjẹ́, àti bí àtúnṣe rẹ̀ ṣe yẹ kó rí, kí ẹ má baà san owó iṣẹ́ kan náà lẹ́ẹ̀mejì láàrin oṣù méjì.

Ìrísí ilẹ̀ wa dá kún ọ̀rọ̀ náà. Orí òkè ni Ẹ̀fọ̀n-Aláayè wà, ẹni tó bá sì ń ti ibẹ̀ bọ̀ wá sí Àrámọ̀kọ, tàbí tó ń gba Ìtawùré lọ sí ilẹ̀ Ìjẹ̀ṣà, yóò bá gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ àti kọ́nà pàdé. Bí a bá tẹ bírékì ní gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́, ẹsẹ̀ iwájú ni ìwúwo ọkọ̀ máa ń tẹ̀ sí. Ní kọ́nà, ẹsẹ̀ ẹ̀gbẹ́ òde ni. Ẹsẹ̀ kan ṣoṣo lè tipa bẹ́ẹ̀ ru ohun tó ju ìpín tirẹ̀ lọ dáadáa. Ní ìhà Ìjerò, níbi tí a ti ń wa kùsà, ọkọ̀ akẹ́rù ń bá wa lo ọ̀nà kan náà, ẹrù wúwo a sì máa ba títì jẹ́ ju ọkọ̀ kéékèèké lọ. Lásìkò òjò, omi a kún inú kòtò débi pé awakọ̀ kò ní mọ bí ó ti jìn tó. Lásìkò ọ̀gbẹlẹ̀, eruku pupa ojú ọ̀nà oko a bo gbogbo abẹ́ ọkọ̀. Omi àti eruku yìí ni ọ̀tá béárìn.

Béárìn ni òrùka irin méjì, ọ̀kan nínú èkejì, tí àwọn ọmọ irin róbótó wà láàrin wọn pẹ̀lú girísì. Iṣẹ́ rẹ̀ ni kí táyà lè yí geere láìjẹ́ pé irin ń ha irin. Èrò náà kì í ṣe ti òní: ní ọdún 1794 ni Philip Vaughan, ará Wales, gba ìwé àṣẹ fún lílo irú ọmọ irin bẹ́ẹ̀ ní ẹsẹ̀ kẹ̀kẹ́ tí ẹṣin ń fà. Rọ́bà tẹ́ẹ́rẹ́ kan ló dé ẹnu béárìn òde òní kí omi má baà wọlé. Bí rọ́bà yìí bá ya, omi a fọ girísì dànù, irin a sì dípẹtà. Bí ọkọ̀ bá já sí kòtò pẹ̀lú agbára, àwọn ọmọ irin náà lè tẹ ojú òrùka wọnú díẹ̀. Ojú lásán lè má rí àpá náà, ṣùgbọ́n etí yóò gbọ́ ọ.

Ìró béárìn tó ń bàjẹ́ dà bí ti oyin nínú ilé wọn. Díẹ̀díẹ̀ ni yóò bẹ̀rẹ̀, yóò sì máa ga sí i bí ọkọ̀ bá ṣe ń sáré sí i. Ó yàtọ̀ sí ti ẹ̀ńjìnnì, nítorí pé bí ohùn ẹ̀ńjìnnì bá tilẹ̀ lọ sílẹ̀, níwọ̀n ìgbà tí ọkọ̀ ṣì ń sáré, ìró náà kò ní dákẹ́. Lójú ọ̀nà tó tẹ́jú tí kò sí ọkọ̀ mìíràn, bí ẹ bá yí ọwọ́ ọkọ̀ díẹ̀ sí ọ̀tún tí ìró náà sì ga sí i, béárìn ẹ̀gbẹ́ òsì ni kí ẹ kọ́kọ́ fura sí, nítorí pé òsì ni ìwúwo ọkọ̀ tẹ̀ sí nígbà náà. Bí ó bá jẹ́ sí òsì ni ẹ yí i tó fi ga, ẹ wo ti ọ̀tún. Ẹ má ṣe gbàgbé pé táyà tó jẹ ségesège náà a máa hó bẹ́ẹ̀. Kí ẹ tó náwó lórí béárìn, ẹ ní kí fọkanáísà pààrọ̀ táyà iwájú pẹ̀lú ti ẹ̀yìn. Bí ìró náà bá bá táyà lọ sẹ́yìn, béárìn kò jẹ̀bi.

Lọ́dọ̀ mẹkáníìkì, wọn yóò gbé ọkọ̀ sókè, wọn yóò sì fi irin ìdúró tì í. Jáàkì nìkan kò tó fún ẹni tí yóò ki orí bọ abẹ́ ọkọ̀. Mẹkáníìkì yóò di táyà mú lókè àti nísàlẹ̀, yóò mì í. Bí ó bá ń yẹ̀, béárìn tàbí bọ́ọ̀lù jọ́ìǹtì ti jẹ. Bí ó bá jẹ́ ìgbà tí ó dì í mú lọ́tùn-ún àti lósì ni ó ń yẹ̀, táì-rọ́ọ̀dù ló sábà máa ń fà á. Lẹ́yìn náà, kí ó gbé ọwọ́ kan lé sípíríǹgì, kí ó sì fi èkejì yí táyà. Béárìn tó ti bàjẹ́ yóò máa ha sí i lọ́wọ́ bí ọlọ tó ń lọ ohun gbígbẹ.

Ṣọ́ọ̀kì ní èdè tirẹ̀. Bí òróró bá ń ṣàn lára rẹ̀, tàbí tí ẹ bá fi gbogbo ara tẹ igun ọkọ̀ kan sílẹ̀ tí ó ń fò sókè sódò ju ẹ̀ẹ̀kan lọ kí ó tó dúró, ṣọ́ọ̀kì igun náà ti rẹ̀. Ẹni tó bá pààrọ̀ béárìn tó fi irú ṣọ́ọ̀kì bẹ́ẹ̀ sílẹ̀ kò tíì tún ọkọ̀ ṣe, nítorí pé táyà tó ń ta lórí títì yóò máa lu béárìn tuntun náà lójoojúmọ́. Méjì-méjì ni a ń pààrọ̀ ṣọ́ọ̀kì, tọ̀tún tòsì. Bí ọkọ̀ bá sì ń fà sí ẹ̀gbẹ́ kan láti ìgbà tó ti já sí kòtò, kí wọ́n wò ó bóyá áàmù ti wọ́. Áàmù tó bá ti wọ́, ẹ pààrọ̀ rẹ̀. Fífi iná yọ́ ọ kí a tó nà án a máa sọ irin náà di aláìlágbára.

Ìdí àtúnṣe béárìn gan-an ni ọ̀rọ̀ ti máa ń bàjẹ́. Ní iwájú Accord ọdún 2003 tí a mẹ́nu bà, inú irin ńlá ìdí táyà ni wọ́n tẹ béárìn sí. Ti ẹ̀yìn rọrùn jù bẹ́ẹ̀ lọ: béárìn àti ọ́ọ̀bù jẹ́ ọ̀kan, bóòtù ni wọ́n fi dè é. Ti iwájú yìí ni àwọn kan ń fi òòlù lù wọlé. Ó lè wọlé lóòótọ́, ṣùgbọ́n gbogbo agbára òòlù náà gba ara àwọn ọmọ irin róbótó kọjá, ó sì fi àpá sílẹ̀ bí ti kòtò. Kí ọ̀sẹ̀ díẹ̀ tó kọjá, oyin ti padà sílé, oníṣẹ́ a sì ní ayédèrú ni ẹ rà. Ẹ̀rọ ìtẹ̀ tí àwọn mẹkáníìkì ń pè ní pírẹ́ẹ̀sì ni kí ẹ béèrè. Bí wọ́n bá ń tẹ béárìn sínú irin náà, òrùka òde ni kí wọ́n tẹ̀. Bí wọ́n bá ń tẹ ọ́ọ̀bù sínú béárìn, òrùka inú ni kí nǹkan gbé ró láti ìsàlẹ̀. Bí mẹkáníìkì yín kò bá ní ẹ̀rọ yìí, kì í ṣe ẹ̀bi rẹ̀. Ẹ jẹ́ kí ó tú irin náà, kí ẹ gbé e lọ sọ́dọ̀ ẹni tó ní in, ìbáà jẹ́ ní Adó-Èkìtì.

Bọ́ọ̀ṣì áàmù, ìyẹn rọ́bà tó wà ní ìdí rẹ̀, ní àṣìṣe tirẹ̀ tó wọ́pọ̀. Wọ́n a fún bóòtù rẹ̀ pa nígbà tí ẹsẹ̀ ọkọ̀ ṣì ń rọ̀ sílẹ̀ lórí jáàkì. Bí ọkọ̀ bá wá sọ̀kalẹ̀, rọ́bà náà yóò lọ́, kì í sì í pẹ́ tí yóò fi ya. Ìgbà tí ìwúwo ọkọ̀ bá ti wà lórí ẹsẹ̀ rẹ̀ ni kí wọ́n tó fún un pa. Ní ti nọ́ọ̀tì ńlá tó di ọ́ọ̀bù mú, tuntun ni kí wọ́n lò, kí wọ́n sì fi irinṣẹ́ tó ń wọn agbára fún un dé iye tí ilé-iṣẹ́ tó ṣe ọkọ̀ náà kọ sílẹ̀.

Ẹni tó bá ń ra ẹ̀yà ọkọ̀ ní Ladipo ní Èkó tàbí ní ọjà tó súnmọ́ wa lè rí áàmù tòkunbọ̀ tó dára. Béárìn tòkunbọ̀ kò bójú mu rárá, nítorí pé kò sí ẹni tó mọ kòtò tí ó ti já sí rí. Ẹ mú ti àtijọ́ dání, kí ẹ fi nọ́ńbà tí wọ́n kọ sára rẹ̀ wé ti tuntun. Nínú ọkọ̀ mìíràn tó ní ABS, ojú kan béárìn ní òrùka mágnẹ́ẹ̀tì; bí wọ́n bá dojú rẹ̀ kọ ibi tí kò yẹ, iná ABS yóò máa tàn. Sí ẹ̀yin ọ̀dọ́ tó ń gé sípíríǹgì kí ọkọ̀ lè wolẹ̀ sí i, tàbí tó ń fi rímù gbẹ̀ǹgbẹ̀ tó yọ síta dípò ti ilé-iṣẹ́: ẹ mọ̀ pé bí táyà bá ṣe jìnnà sí béárìn tó ni ẹrù tí béárìn ń rù ṣe ń pọ̀ sí i. Ó wu ojú, ṣùgbọ́n kò yẹ ọ̀nà Ẹ̀fọ̀n.

Lẹ́yìn iṣẹ́ ẹsẹ̀, ẹ ṣe aláímẹ́ǹtì, bí bẹ́ẹ̀ kọ́ táyà tuntun yóò jẹ ní ẹ̀gbẹ́ kan. Ẹ tún yẹ nọ́ọ̀tì táyà wò lẹ́yìn nǹkan bí ọgọ́rùn-ún kìlómítà.

Béárìn tí a bá fi sílẹ̀ títí lè tú ká lórí ìrìn, kí táyà sì yọ. Nítorí náà, bí ìró oyin náà bá yí padà di híha irin lójijì, tàbí tí ẹ bá ń gbóòórùn ohun tó ń jóná láti ìdí táyà, ẹ má ṣe sọ pé ẹ óò rọra dé Àrámọ̀kọ. Ẹ dúró ní ẹ̀gbẹ́ ọ̀nà níbi tó tẹ́jú, ẹ gbé àmì onígun mẹ́ta sẹ́yìn ọkọ̀, kí ẹ sì pe Àjọ Ẹ̀ṣọ́ Ojú Pópó (FRSC) lórí 122. Bí ẹsẹ̀ iwájú ló bàjẹ́, iwájú ni kí ọkọ̀ tó wá gbé e gbé sókè. Kí wọ́n má ṣe fi okùn wọ́ ọ, nítorí pé táyà tó bàjẹ́ náà ni yóò ṣì máa yí nílẹ̀.